Eyín Ọ̀kẹ́rẹ́ Lára Wáyà Éríà: Ohun Tójú Ń Rí ní Ìbàdàn

Ará Àpẹ̀tẹ́
Eyín iwájú ọ̀kẹ́rẹ́ àti èkúté kì í yé hù títí ọjọ́ ikú wọn. Dandan ni kí wọ́n máa wá nǹkan líle họ, kó má baà gùn jù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jẹ wáyà éríà, ìyẹn èyí tó so rédíò mọ́ éríà, níbi tí oúnjẹ pọ̀ sí pàápàá. Irin leyín yẹn ò ràn. Páìpù oníke táwọn oníwáyà ń rì mọ́ ògiri kàn ń dá wọn dúró díẹ̀ ni. Etí rẹ̀ ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ leyín ti rí nǹkan dì mú. Láti ilẹ̀ dé ẹsẹ̀ bàtà 7, àti níbi tí wáyà bá ti gba abẹ́ òrùlé wọlé, ẹ lo páìpù gálífánáìsì ínṣì 1. RG-213, irú wáyà éríà kan tó nípọn tó mílímítà 10, á wọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́, àmọ́ ẹ ti wáyà bọ páìpù ná kẹ́ ẹ tó fi òjé jó irin ìsopọ̀ mọ́ ẹnu wáyà náà. Ẹ so páìpù náà mọ́ irin tó wọlẹ̀, nítorí àrá.

Ará Bódìjà
Òótọ́ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n níbi tí máńgòrò àti píà ti fọwọ́ ba òrùlé, orí igi lọ̀kẹ́rẹ́ ti ń fò wá, kì í fẹsẹ̀ kanlẹ̀ rárá. Ẹ gé ẹ̀ka títí àlàfo ẹsẹ̀ bàtà 10 á fi wà láàárín igi àti ọ̀pá éríà. Ní ti ata gígún tí wọ́n ń pò mọ́ òróró láti fi pa wáyà lára: ó ń ta ọ̀kẹ́rẹ́ lẹ́nu, kì í ta ẹyẹ, òjò oṣù kẹrin sì ti tó láti fọ̀ ọ́ dànù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da májèlé sórí àjà. Ológbò àti òwìwí tó bá jẹ òkú èkúté náà lè bá a lọ, bẹ́ẹ̀ àwọn ló ń bá wa dín èkúté kù.

Ará Mọ̀níyà
Ojú eyín yẹn fúnra rẹ̀ kì í sábà ba nǹkan jẹ́, omi tó gba ibẹ̀ wọlé ló ń ṣọṣẹ́. Awẹ́ bàbà tí wọ́n hun yí inú wáyà ká ń fa omi bí òwú àtùpà ṣe ń fa kẹrosíìnì, ó sì lè fà á jìnnà sí ojú egbò. Bàbà á wá di aláwọ̀ ewé. Bí SWR (ìwọ̀n bí agbára rédíò ṣe ń padà wá láti ara éríà) bá ga lẹ́yìn òjò, tó sì balẹ̀ nígbà tí oòrùn bá ràn, ẹ fura sí omi.

Ẹ tú wáyà kúrò lára rédíò àti éríà, kẹ́ ẹ fi mítà wọn àárín okùn inú àti awẹ́ ìta. Mítà kò gbọdọ̀ fi hàn pé wọ́n kan ara wọn rárá. Lẹ́yìn náà, ẹ so méjèèjì pọ̀ ní ìpẹ̀kun kan, kẹ́ ẹ wọn èkejì: ó yẹ kó sún mọ́ òdo. Bó bá ga, awẹ́ tàbí okùn inú ti já níbì kan.

Bó bá jẹ́ awọ ìta nìkan leyín bà, ẹ nù ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Ẹ fa téèpù rọ́bà tó ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ títí ìbú rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kù sí ìdajì, kẹ́ ẹ wé e láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí wíwé kọ̀ọ̀kan gun ìdajì èyí tó ṣáájú, bí páànù òrùlé. Ẹ wá fi téèpù dúdú bò ó, torí oòrùn. Bí bàbà bá ti di àwọ̀ ewé, ẹ má fi téèpù tan ara yín, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ará Àpẹ̀tẹ́
Ẹ ṣé. Mo gbàgbé ẹnu páìpù. Kànìnkànìn onírin tí kì í dípẹtà, èyí tí wọ́n fi ń fọ ìkòkò, ni kẹ́ ẹ kì bọ̀ ọ́ pinpin. Èyí tó ń dípẹtà á ti jẹrà kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Kẹ́ ẹ tó mú wáyà wọlé, ẹ tẹ̀ ẹ́ kọ́ dòò sísàlẹ̀ ihò ògiri, kómi máa kán sílẹ̀ níbẹ̀.