Báwo lẹ ṣe ń rí àwọn olóúnjẹ kéékèèké àdúgbò yín?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Obìnrin kan ń se oúnjẹ tà lẹ́yìn ilé wa. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń gba ibẹ̀ kọjá kí n tó mọ̀. Kò sí lórí Google Maps, ìwé pélébé kan tí òjò ti pa ló lẹ̀ mọ́ géètì. Àfi bí mo ṣe tọ́ oúnjẹ rẹ̀ wò, ó mà dùn o! Báwo lẹ̀yin ṣe ń rí irú wọn? Mo fẹ́ bá a polówó, àmọ́ òun nìkan ló ń dá a ṣe, kí èrò má lọ pọ̀ jù fún un. Àwọn áàpù tó ń gbé oúnjẹ káàkiri sì máa ń yọ owó tiwọn nínú èrè. Kí ni kí n ṣe?