Ukulele baritone tí mo béèrè: mo ti rà á

Ẹ ṣeun, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ dá mi lóhùn nígbà tí mo ń wá ukulele baritone (ohun èlò orin olókùn mẹ́rin tó dà bí gìtá kékeré; baritone ni irú rẹ̀ tó tóbi) tí kò wọ́n jù, tí ohùn rẹ̀ sì dùn. Èyí tí iwájú rẹ̀ jẹ́ ojúlówó pákó spruce ni mo mú. Ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ pákó alẹ̀mọ́, kò sì dùn mí, torí iwájú ló ń gbé ohùn jáde jù.

Kí n tó sanwó, mo ta okùn kọ̀ọ̀kan láìtẹ̀ ẹ́, mo tún tẹ̀ ẹ́ ní fret 12, ìyẹn ìlà irin kejìlá lára ọrùn rẹ̀, níbi tó ti yẹ kí ohùn kan náà tún jáde lókè. Ibẹ̀ ni èyí tó rẹwà jù nínú àwọn tí mo yẹ̀ wò ti já mi kulẹ̀: ohùn rẹ̀ yà bàrá!

Ohùn D-G-B-E ni mo yí okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin èyí tí mo rà sí, bí okùn mẹ́rin tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù lára gìtá, ìka mi sì ti mọ̀nà. Okùn D ṣì ń han díẹ̀. Màá pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n ra tenor, irú ukulele tó kéré sí baritone, ẹ má bínú o.