Àdúgbò wo ni kí a dé sí ní Èkó? Ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn

Bàbá Ìbejì, Ògbómọ̀ṣọ́:
Ẹ̀yin ará mi, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan ti gba àlàáfíà ilé mi láti ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i. A ń lọ sí Èkó ní oṣù tí ń bọ̀, a ó sì lo ọjọ́ díẹ̀ níbẹ̀. Àbúrò ìyàwó mi ọkùnrin, tí ó ń gbé ní Ajah, bá wa rí ilé kan ní àdúgbò rẹ̀ tí wọ́n máa ń yá fún àlejò, ó ní kí n tètè san owó kí ẹlòmíràn má baà gbà á, mo sì san ìdajì. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi, tí ó gbé ní Sùúrùlérè fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó padà wá sílé, gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ńṣe ni ó pariwo lé mi lórí pé owó mi ti wọgbó. Ìyàwó mi ní ìlara ni ó ń dà á láàmú. Ẹ̀gbọ́n mi ní àna mi ni ó ń darí mi bí ó ti wù ú. Láti ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì kò kí ara wọn dáadáa mọ́.

Ilé náà dára púpọ̀ nínú àwòrán. Àga funfun ni ó wà ní pálọ̀, tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ògiri tán, ejẹ́ǹtì sì ní iná kì í lọ níbẹ̀. Èmi kò sì fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ Méńlándì mọ́, nítorí pé nígbà tí mo dé sí hòtẹ́ẹ̀lì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì ní ọ̀hún, ìdun kò jẹ́ kí n sùn, ilé ọtí tí ó wà ní ìsàlẹ̀ sì ń lu ìlù títí ilẹ̀ fi mọ́. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, ṣé Ajah dára àbí kò dára? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá mi lóhùn kíákíá, nítorí pé ejẹ́ǹtì ń béèrè ìyókù owó rẹ̀.

Ìyá Àdùnní, Ìkẹjà:
Bàbá Ìbejì, ẹ kú ìṣòro ilé. Ajah dára fún ẹni tí ó ní ohun tí ó ń ṣe ní ìhà ibẹ̀. Ẹ kò tíì sọ ohun tí ẹ ń lọ ṣe ní Èkó fún wa, ìyẹn ni ó sì yẹ kí ẹ kọ́kọ́ sọ. Ẹni tí ó ń lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò físà Amẹ́ríkà ní Victoria Island kò ní dé sí ibi kan náà pẹ̀lú ẹni tí ó fẹ́ wọ ọkọ̀ òfurufú ní ìdájí ní Ìkẹjà, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó ń ra ọjà ní Balógun náà ní ibi tí ó yẹ ẹ́. Níbo gan-an ni ẹ ń lọ, ta ni ẹ sì ń mú lọ?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:
Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Nígbà tí àbúrò mi ń ṣe ìgbéyàwó ní Ìkẹjà, àwọn àna wa ti òkè ọ̀hún wá, ẹnì kan sì lọ fi wọ́n wọ̀ sí Ajah nítorí pé ilé ibẹ̀ mọ́ tónítóní. Àwọn ènìyàn yìí jáde ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, ṣùgbọ́n súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mú wọn ní òpópónà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, ó tún mú wọn lórí Afárá Third Mainland, tí gígùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 12, tí kò sì sí ibi tí ènìyàn lè yà sí títí yóò fi dé Adékúnlé ní Yábàá. Ìgbà tí ìyá ìyàwó yóò fi wọlé, alága ìdúró àti alága ìjókòó ti jẹun tán. Títí di òní ni wọ́n fi ń sọ pé a kò fún àwọn ní ọ̀wọ̀. Ẹ̀gbọ́n yín kò purọ́, ẹ gbọ́ tirẹ̀.

Tísà Lẹ́kí:
Ẹ̀yin ará Méńlándì kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn ju súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, bí ẹni pé kò sí irú rẹ̀ ní Òṣòdì àti Ojóta. Èmi ń gbé ní ìhà yìí, ara sì tù mí. Bí Bàbá Ìbejì bá ń mú àwọn ọmọ lọ láti gbádùn, níbo ni wọn yóò ti rí ohun tí ó dára ju èyí lọ? Ọgbà ìdáàbòbò igbó àti ẹranko wà ní Lẹ́kí níhìn-ín, afárá ojú òfurufú tí wọ́n so mọ́ igi níbẹ̀ gùn tó mítà 401, etíkun kò sì jìnnà. Ohun kan ṣoṣo tí mo máa ń sọ fún àlejò ni pé kí wọ́n béèrè bóyá òpópónà ilé náà máa ń kún fún omi ní àkókò òjò, nítorí pé ejẹ́ǹtì kì í fi omi sínú àwòrán.

Awakọ̀ Fẹ́sítáàkì:
Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ Fẹ́sítáàkì? Wọ́n kọ́ àdúgbò yìí nítorí àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú ti ọdún 1977, òpópónà rẹ̀ sì létò. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni ọkọ̀ ojú irin Blue Line ti ń gbé èrò láti Mile 2 dé Marina, tí kò sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kankan tí yóò dí i lọ́nà. Ẹ dé sí ọ̀dọ̀ wa, kí ẹ máa fi reluwé lọ sí Àílándì.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:
Ta ni ó sọ fún yín pé Àílándì ni wọ́n ń lọ? Bí ó bá jẹ́ Ìkẹjà tàbí Agége ni wọ́n ń lọ ńkọ́? Red Line ni ó gba ìhà yẹn kọjá, láti Agbádo dé Òyìngbò, kò sì dé Mile 2 yín. Àdúgbò ti ara yín ni ẹ kàn ń polówó.

Awakọ̀ Fẹ́sítáàkì:
Ẹ̀yin náà kò tíì dárúkọ àdúgbò kankan, ìtàn ìyàwó ni ẹ sọ fún wa.

Bàbá Ìbejì, Ògbómọ̀ṣọ́:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, pàápàá Tísà Lẹ́kí tí ó sọ òtítọ́. Àwọn ìbejì mi ti ń béèrè afárá orí igi yẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti rí i nínú fóònù. N kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé àna mi ni ó ń tì mí, nítorí pé owó mi ni mo fi san, èmi fúnra mi ni mo sì yan ilé náà lẹ́yìn tí mo rí àwòrán mẹ́ta. Ní ti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, bí ó bá le jù, a ó sọ̀ kalẹ̀ kí a gun ọ̀kadà. Ohun tí a ń lọ ṣe kì í ṣe ọ̀rọ̀ gbangba, ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sílẹ̀.

Ìyá Àdùnní, Ìkẹjà:
Ọ̀kadà wo, Bàbá Ìbejì? Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2022 ni ìjọba Èkó ti fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní Etí-Ọ̀sà, tí Ajah wà nínú rẹ̀, àti ní Ìkẹjà, Sùúrùlérè, Àpápá, Erékùṣù Èkó àti ìjọba ìbílẹ̀ Lagos Mainland. Ẹni tí ó bá gbé yín lè sá lọ nígbà tí ó bá rí ọlọ́pàá, kí ẹ̀yin tí ẹ jókòó sẹ́yìn sì di ẹni tí wọ́n mú. Ìbéèrè mi ṣì wà nílẹ̀. A kò sọ pé kí ẹ tú àṣírí yín, a kàn ń béèrè àdúgbò tí ẹ ó máa lọ lójoojúmọ́ ni.

Nọ́ọ̀sì Yábàá:
Mo ti Ìyá Àdùnní lẹ́yìn. Ẹ̀ ń jà lórí àga funfun, ẹ kò sì sọ ibi tí ẹ ń lọ. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Bàbá Ìbejì, Ògbómọ̀ṣọ́:
Ó dára, nígbà tí ẹ ti fẹ́ gbọ́ ọ dandan. Màmá mi ni a ń gbé lọ. Wọ́n yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀ lẹ́yìn ọdún, eegun ìbàdí wọn sì yẹ̀, wọ́n kò lè rìn láìsí ọ̀pá ní ọwọ́ kan àti ènìyàn ní ọwọ́ kejì. Ilé ìwòsàn eegun ní Ìgbóbì ni wọ́n ní kí a gbé wọn wá, òwúrọ̀ ni wọn yóò máa rí wọn, a ó sì lọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àìsàn ìyá ẹni kì í ṣe ohun tí a ń pariwo ní ọjà, ìdí nìyẹn tí n kò fi sọ ọ́. Ọkọ̀ ojú irin ni a ó wọ̀ láti Mọ́níyà ní Ìbàdàn. Àna mi ní òun yóò máa fi mọ́tò òun gbé wa ní ìdájí, pé bí a bá tètè jáde, kò sí wàhálà.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:
Háà! Ìgbóbì láti Ajah, pẹ̀lú eegun ìbàdí?

Tísà Lẹ́kí:
Bàbá Ìbejì, mo gba ọ̀rọ̀ mi padà. Ìrìn àjò ìgbádùn ni mo rò pé ẹ ń lọ. Ẹ má gbé màmá wá sí ìhà ọ̀dọ̀ wa. Àna yín lè jáde ní ìdájí lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá kúrò ní ilé ìwòsàn ní ọ̀sán, ìgbà tí ẹ ó padà délé kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, màmá yóò sì wà ní ìjókòó lórí eegun tí ń dùn wọ́n ní gbogbo àkókò yẹn.

Nọ́ọ̀sì Yábàá:
Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ọkọ̀ ojú irin láti Mọ́níyà yóò já yín sí ibùdó Mobolaji Johnson ní Alágómejì, Èbúté Mẹ́tà. Láti ibẹ̀, ẹ ó gba Yábàá àti Jìbówù kọjá kí ẹ tó dé Ìgbóbì, kò sì jìnnà rárá. Ẹ fẹ́ rékọjá ilé ìwòsàn náà, kí ẹ gun Third Mainland, kí ẹ la Àílándì já, kí ẹ lọ sùn ní Ajah, kí ẹ tún padà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ wá ibi tí ẹ ó dé sí láàárín Jìbówù, Fádéyì àti Onípanu.

Ohun kan wà tí àlejò kì í mọ̀. Ojú ọ̀nà Ìkòròdú ni ilé ìwòsàn yìí wà, ọ̀nà ńlá sì ni, afárá ẹlẹ́sẹ̀ ni a fi ń sọdá rẹ̀, àtẹ̀gùn rẹ̀ sì ga. Màmá kò lè gùn ún. Nítorí náà, kí ibi tí ẹ bá yàn wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà pẹ̀lú ilé ìwòsàn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mọ́tò yín yóò ní láti lọ yí po lọ́nà jíjìn kí ó tó dé òdìkejì. Yàrá ìsàlẹ̀ ni kí ẹ béèrè, kí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ èyí tí a ń jókòó lé, kí ilẹ̀ balùwẹ̀ má máa yọ̀. Ní ti ariwo tí ẹ ń bẹ̀rù, ẹ wá yàrá ní òpópónà inú, kí ẹ pè wọ́n ní alẹ́ lórí fóònù, kí ẹ sì fi etí ara yín gbọ́ bí ibẹ̀ ṣe rí.

Awakọ̀ Fẹ́sítáàkì:
Sùúrùlérè náà kò jìnnà sí Ìgbóbì, ilé tí ó dára sì pọ̀ níbẹ̀.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:
Ojúẹlẹ́gbà ni wọn yóò gbà jáde, ẹ̀yin awakọ̀ sì mọ bí Ojúẹlẹ́gbà ṣe ń rí ní òwúrọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ti nọ́ọ̀sì.

Bàbá Ìbejì, Ògbómọ̀ṣọ́:
Owó tí mo ti san sí Ajah ńkọ́? Ejẹ́ǹtì ní òun kì í dá owó padà. Ìyàwó mi ń ka ọ̀rọ̀ yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní àbúrò òun kò mọ̀ pé Ìgbóbì jìnnà tó bẹ́ẹ̀ sí ọ̀dọ̀ òun ní òwúrọ̀. Mo sì bẹ̀ yín, ẹni tí ó bá mọ ẹ̀gbọ́n mi nínú yín, kí ó má sọ fún un.

Ìyá Àdùnní, Ìkẹjà:
Ẹ má béèrè owó mọ́, ọjọ́ ni kí ẹ béèrè. Ẹ sọ fún ejẹ́ǹtì pé kí ó sún àkókò yín síwájú, kí ìdajì tí ẹ san di owó òpin ọ̀sẹ̀ nìkan. Bí iṣẹ́ ilé ìwòsàn bá parí, kí ìyàwó yín kó àwọn ìbejì lọ wo afárá orí igi wọn, kí ẹ̀yin dúró ti màmá. Púpọ̀ nínú wọn máa ń gbà bẹ́ẹ̀, bí a bá fi pẹ̀lẹ́ bá wọn sọ ọ́.

Bàbá Ìbejì, Ògbómọ̀ṣọ́:
Ejẹ́ǹtì ti gbà. Mo sì ti rí ilé ìtura kan ní òpópónà inú nítòsí Fádéyì, ẹ̀gbẹ́ ilé ìwòsàn ni ó wà, jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ kì í pariwo, n kò sì gbọ́ ìlù kankan nígbà tí mo pè wọ́n ní alẹ́. Yàrá tí ó ṣẹ́ kù wà ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ṣùgbọ́n máníjà ní àwọn ọmọkùnrin òun yóò máa gbé màmá gòkè.

Nọ́ọ̀sì Yábàá:
Ẹ má gbà o, sà. Ẹni tí eegun ìbàdí rẹ̀ yẹ̀ kì í ṣe ẹrù tí ọmọkùnrin ilé ìtura ń gbé. Ẹ sọ fún máníjà pé kí ó fi yàrá ìsàlẹ̀ tí yóò ṣófo ní ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀ pamọ́ fún yín, bí kò bá sì ní, ẹ pe ibòmíràn kí ẹ tó san kọ́bọ̀.