Òwú ìta tí mo fi ọwọ́ rẹ: ìlà funfun, fọ́nrán tó lọ́ mọ́ra, àti àwọ̀ tó ń ṣàn

Ìbéèrè láti ọwọ́ Ahunṣọ-Tuntun

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ òfì. Mo ta òwú fún aṣọ kan (ìyẹn ni pé mo nà án sílẹ̀ bí fọ́nrán òòró tí a ó hun aṣọ lé lórí), ó gùn ní mítà 5, fọ́nrán rẹ̀ sì jẹ́ 240. Òwú gidi ni, kì í ṣe ṣẹ́dà tàbí irun àgùtàn. Lẹ́yìn tí mo ta á tán, kí n tó gbé e sórí òfì, ni mo rẹ ẹ́ ní búlúù àti àwọ̀ ewé, nítorí mo fẹ́ kí àwọ̀ kan máa yọ́ wọ inú èkejì láti ìbẹ̀rẹ̀ aṣọ dé òpin rẹ̀. Nígbà tí ó gbẹ, mo rí ìlà funfun tóóró ní gbogbo ibi tí mo ti fi okùn dè é. Nígbà tí mo sì ń nà á sórí òfì, àwọn fọ́nrán náà lọ́ mọ́ ara wọn débi pé mo ní láti gé bíi mẹ́wàá dànù. Èyí tó dùn mí jù ni pé nígbà tí mo fọ aṣọ tí mo hun, búlúù náà ṣàn wọ inú òwú funfun tí mo fi hun ún. Àwọ̀ tí a ń lò pẹ̀lú omi tútù àti sódà áàṣì ni mo lò. Ṣé kí n kúkú máa rẹ òwú mi kí n tó ta á ni?

Èsì láti ọwọ́ Ọmọ-Aláró

Ẹ kú ìrọ́jú. Ọ̀rọ̀ ìlà funfun kò le rárá: okùn yín fún jù, àwọ̀ kò sì ríbi wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí okùn náà dẹ̀, kí ẹ sì lọ́ ọ bí òǹkà 8 láàárín ìdì òwú náà. (Àwọn kan wà tí wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ dè é le bẹ́ẹ̀ láti fi ṣe ọnà sára aṣọ, nítorí náà ẹ má kà á sí òfò pátápátá.)

Ti àwọ̀ tó ṣàn gan-an ni kí a jókòó tì. Kì í ṣe gbogbo àwọ̀ tí ẹ dà sí òwú ni ó ń di mọ́ ọn. Sódà áàṣì ni ó ń jẹ́ kí ó di mọ́ òwú, ṣùgbọ́n apá kan nínú àwọ̀ náà a máa bá omi pọ̀ dípò òwú, irú èyí kò sì lè di mọ́ ohunkóhun mọ́. Inú òwú ni ó kàn jókòó sí títí omi yóò fi gbé e jáde. Lẹ́yìn rírẹ, ẹ fi ọ̀rá bo òwú náà kí ó má baà gbẹ, kí ẹ sì fi í síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún wákàtí 12 sí 24. Omi tútù ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ṣàn án léraléra títí sódà yóò fi kúrò, lẹ́yìn náà kí ẹ tó wá rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná gan-an, kí ẹ sì máa pààrọ̀ omi náà títí yóò fi mọ́. Omi tútù nìkan kò lè gbé àwọ̀ tó fara pamọ́ jáde. Kí ẹ tó gbé e sórí òfì, ẹ fi aṣọ funfun tó tutù yí ibì kan lára òwú náà, kí ẹ sì fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́; bí funfun náà bá yí padà, ẹ padà sídìí omi gbígbóná.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bo imú yín nígbà tí ẹ bá ń po ìyẹ̀fun àwọ̀ náà, nítorí kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró.

Èsì láti ọwọ́ Ìyá-Olófì

Mo fara mọ́ ohun tí Ọmọ-Aláró sọ, ṣùgbọ́n ẹ má torí ìyẹn padà sí rírẹ òwú kí ẹ tó ta á. Bí ẹ bá ti rẹ ẹ́ ṣáájú, àwọ̀ yóò kàn fọ́n káàkiri aṣọ ni. Òwú tí a ti ta tán nìkan ni gbogbo fọ́nrán rẹ̀ ń pààrọ̀ àwọ̀ lójú kan náà.

Ní ti lílọ́ mọ́ra, ó dá mi lójú pé ẹ fi ọwọ́ ra òwú náà nínú omi bí ẹni ń fọ aṣọ. Ẹ má ra á, ẹ má sì fún un bí àkísà. Ẹ kàn máa tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Ibi tí àwọn fọ́nrán ti ń gba ara wọn kọjá ni kí ẹ dè dáadáa ní apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí bí ibẹ̀ bá tú, ètò òwú ti bàjẹ́ nìyẹn. Bí fọ́nrán bá ṣì ń hu irun lẹ́yìn tó gbẹ, sítáàṣì fẹ́ẹ́rẹ́ yóò mú un jọ̀lọ̀, yóò sì bá omi lọ nígbà tí ẹ bá fọ aṣọ náà.

Òwú funfun tí ẹ fi hun ún náà ń pa àwọ̀ yín. Ẹ lo èyí tó tínrín, tó sì dúdú.

Ahunṣọ-Tuntun

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Wákàtí méjì péré ni mo fi dúró, omi tútù nìkan ni mo sì fi ṣàn án. Òwú tó kù ṣì wà lórí òfì. Mo ti fi aṣọ funfun àti áyọ́ọ̀nù dán an wò, ó sì di búlúù lójú ẹsẹ̀. Èmi yóò tú u sílẹ̀ lọ́la.