Àròkọ ìwọlé sí yunifásítì Amẹ́ríkà: ibo lọmọ yóò ti bẹ̀rẹ̀?

Màmá Dámi, Àkúrẹ́: Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Ọmọ mi wà ní SS3, Common App, fọ́ọ̀mù orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n fi ń wá àyè sí ọ̀pọ̀ yunifásítì lẹ́ẹ̀kan náà, ló fẹ́ gbà wọ yunifásítì ní Amẹ́ríkà. Àròkọ rẹ̀ ti lé ní 900 ọ̀rọ̀: ìyà tá a jẹ, bó ṣe ń wù ú láti di dókítà láti kékeré, àdúrà ló sì fi kádìí rẹ̀. Ṣé ó lè lọ bẹ́ẹ̀?

Bọ̀dá Alágbàká: Rárá mà. 650 ọ̀rọ̀ lòpin, kò sì gbọ́dọ̀ dín ní 250. Ìbéèrè méje ló wà níbẹ̀, ẹyọ kan ni yóò dáhùn, ìkeje sì gbà á láyè láti kọ ohun tó bá wù ú. Àmọ́ kó má tíì yan ìbéèrè. Kó kọ nǹkan bíi mẹ́wàá sílẹ̀ ná: iṣẹ́ tó máa ń ṣe nílé, ohun tó ti tú palẹ̀ tó sì tún tò, ọ̀rọ̀ tó dá awuyewuye sílẹ̀ láàárín òun àti ẹlòmíì. Èyí tó bá lè sọ kúlẹ̀kúlẹ̀ rẹ̀ jù ni kó mú. Bó bá jẹ́ òun ló ń bá yín ṣírò owó ọjà l'Ọ́jà Ọba, kó sọ ohun tó kọ́kọ́ máa ń yẹ̀ wò bówó ò bá pé, àtohun tó ń ṣe tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti rí bó ṣe ń ronú. Ti dókítà yẹn, àìmọye ọmọ ló ń kọ ọ́. Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀yìn dìgírì àkọ́kọ́ sì ni wọ́n ń wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn.

Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì, Oǹdó: WAEC ló kó bá wọn jàre. Ìfáàrà gígùn àti ọ̀rọ̀ ńláńlá ò wúlò níbí. Kó kà á sókè; gbólóhùn tí kò lè bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ, kó yọ ọ́. Ẹ má sì sanwó fẹ́nì kan kó bá a kọ ọ́ o, torí yóò fọwọ́ sí i pé òun lòun kọ ọ́.

Màmá Dámi, Àkúrẹ́: Ẹ ṣé o. Ìyà ńkọ́? Ṣebí sikọ́láṣípù la ń wá.

Bọ̀dá Alágbàká: Ọ̀rọ̀ owó ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀ mà. CSS Profile ni ọ̀pọ̀ yunifásítì ń lò, àwọn míì ní tiwọn. Gbólóhùn méjì mẹ́ta tó fún ìyà. Ohun tó ṣe sí i ni kó gba ìyókù.

Àǹtí Ọba-Ilé: Kó má dárúkọ yunifásítì kankan nínú rẹ̀, torí àròkọ kan náà ló ń lọ sí gbogbo wọn. Inú Word ni kó ti kọ ọ́, kó tó dà á sínú fọ́ọ̀mù, kó sì tún un kà níbẹ̀. Bó bá tún fẹ́ gbìyànjú London, UCAS, àjọ tó ń gba fọ́ọ̀mù ìwọlé sí yunifásítì ilẹ̀ Bírítéènì, ò gba irú èyí: ìbéèrè mẹ́ta ni, 4,000 lẹ́tà pẹ̀lú àlàfo lápapọ̀, ohun tó fẹ́ lọ kọ́ sì ni wọ́n fẹ́ gbọ́.