Ṣé ó yẹ kí a fọ ère ìbejì àti àdìrẹ àtijọ́?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Abẹ́òkúta níhìn-ín, wọ́n sì fi àdìrẹ ẹlẹ́kọ àtijọ́ (aṣọ tí a fi ẹ̀kọ ya àwòrán sí kí a tó rẹ ẹ́ sínú aró) àti ère ìbejì tí osùn ti dì mọ́ lára sí ìkáwọ́ mi. Ṣé kí n fọ̀ wọ́n kí a tó pàtẹ wọn?

Èsì kìíní: Àbúrò mi, jọ̀wọ́, má fọ nǹkan kan. Osùn yẹn, àti ojú ère tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́ nítorí pé ìyá ìbejì tí ó kú ń wẹ̀ ẹ́, tí ó sì ń fún un lóúnjẹ bí ọmọ ààyè, ni ìtàn rẹ̀ gan-an. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ti tó láti gbá eruku.

Èsì kejì: Ìmọ́lẹ̀ ni ọ̀tá àdìrẹ: má jẹ́ kí iná ju 50 lux (ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀) lọ, nítorí pé àwọ̀ tí ó bá ti ṣí kì í padà. Má ṣẹ́ ẹ po. Yí i mọ́ páìpù páálí tí a fi bébà tí kò ní ásíìdì wé. Kí o sì mú fọ́tò rẹ̀ tọ àwọn ìyá aláró lọ ní Ìtòkú, ọjà àdìrẹ Abẹ́òkúta, kí wọ́n bá ọ dárúkọ àwòrán ara rẹ̀.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun gan-an. Ìtòkú ni mo ń lọ lọ́la.