Àlùbọ́sà alárìnkiri mi ń dojú bolẹ̀: ṣé kí n máa so ó ni, àbí kí n fi í sílẹ̀?

Ìyá Ìbejì Leeds

Ẹ kú iṣẹ́ oko o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí, mi ò fẹ́ kí nǹkan yìí kú mọ́ mi lọ́wọ́.

Ní Leeds ni mo ń gbé. Ọdún kẹta rèé tí káńsù ti háyà ilẹ̀ kékeré fún mi, èyí tí wọ́n ń pè ní allotment níbí. Bàbá òyìnbó kan ló ni ilẹ̀ tó kángun sí tèmi. Wọ́n ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, orúnkún ni ò jẹ́ kí wọ́n lè máa wá mọ́. Kí wọ́n tó dá ilẹ̀ wọn padà fún káńsù, ìgbà ìwọ́wé ọdún méjì sẹ́yìn ni, wọ́n pè mí, wọ́n bu nǹkan sínú fìlà wọn, wọ́n ní kí n gbà. Bí mo ṣe wò ó, àlùbọ́sà kéékèèké ni, ó pọ́n rúsúrúsú, èyí tó tóbi jù nínú wọn ò ju èkùrọ́ lọ. Wọ́n ní láti ìgbà tí àwọn àti ìyàwó àwọn ti jọ ń dá oko ni àwọn ti ní i. Ìyàwó náà ti dolóògbé. Wọ́n ní walking onion ló ń jẹ́, pé kí n ṣáà gbìn ín, yóò rìn. Ojú tì mí láti bi wọ́n pé báwo ni àlùbọ́sà ṣe ń rìn.

Mo gbìn ín ní ìlà méjì, ẹyọ ogún. Yìnyín bò ó mọ́lẹ̀ nínú oṣù Kìíní, mo ti gbà pé ó ti lọ nìyẹn. Oṣù Kẹta ò tíì parí tó fi yọrí, ewé tútù yọ̀yọ̀, nígbà tí kò sí nǹkan kan tó hù nínú gbogbo oko. Ewé nìkan ló ṣe lọ́dún yẹn, a sì ń já a sínú ẹyin díndín àti ọbẹ̀ ẹja. Inú mi dùn sí i gan-an.

Ọdún yìí lọ̀rọ̀ yí padà. Ó yọ ọ̀pá, ọ̀pá náà ní ihò nínú bí ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ, ó ga dé ìbàdí mi. Mo ń retí òdòdó. Kò yọ òdòdó o, ọmọ àlùbọ́sà ló so sórí! Márùn-ún, mẹ́fà, wọ́n fún pọ̀ mọ́ra lókè téńté, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò wọ́n. Àwọn kan tiẹ̀ tún yọ ọ̀pá mìíràn láàárín àwọn ọmọ yẹn, ọmọ tún wà lórí ìyẹn náà. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n wá ń dojú bolẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rò pé afẹ́fẹ́ ni. Mo gé ògbólógbòó ańkárá sí tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, mo fi so mẹ́rìnlá nínú wọn mọ́ ọ̀pá oparun. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kejì, àwọn tí mi ò so ti ṣubú, ìdí àwọn tí mo so sì ti ń pọ́n.

Ṣé àrùn ni? Ṣé kí n tètè kórè rẹ̀ ni? Màmá mi ní Ìbàdàn rí i lórí fídíò, wọ́n ní kí n fi díẹ̀ ránṣẹ́ sáwọn. Ṣé ó máa hù níbẹ̀?

Adéọgbà, Peckham

Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Bí ìdí bá ti ń pọ́n, ọkàn mi ò balẹ̀. Èyí tí mo gbìn lọ́dún kan, àrùn tí wọ́n ń pè ní white rot ló pa gbogbo ẹ̀, ìdí tó ń pọ́n náà ni mo kọ́kọ́ rí. Tó bá jẹ́ èmi ni, màá hú gbogbo ẹ̀ kó tó ràn mọ́ áyù àti líìkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Bàbá Olóko, Minnesota

Ẹ kú làálàá, Ìyá Ìbejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì hú nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi kì í ṣe irọ́, àrùn yẹn wà, ó sì burú, torí pé bó bá ti wọ ilẹ̀, ó lè wà níbẹ̀ ju ọdún mẹ́wàá lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìdí kí ẹ tó dájọ́ ikú. Ẹ hú ẹyọ kan péré. Bó bá jẹ́ àrùn yẹn, ẹ máa rí nǹkan funfun bí òwú tó lẹ̀ mọ́ ìdí kókó rẹ̀, pẹ̀lú kóró dúdú wínníwínní bí orí píìnì láàárín òwú náà, gbòǹgbò á sì ti rà débi pé bí ẹ bá fà á díẹ̀, á bọ́ sí yín lọ́wọ́. Bí gbòǹgbò bá funfun, tó di ilẹ̀ mú gírígírí, ara rẹ̀ le.

Ohun tí ẹ ṣàpèjúwe yẹn, ìrìn ló ń rìn. Ọmọ tó wà lórí ń wúwo sí i, ọ̀pá tó gbé e ń gbẹ láti ìdí, nígbà tí kò bá lè gbé e mọ́, á tẹ̀. Ibi tí orí bá balẹ̀ sí lọmọ á ti ta gbòǹgbò. Bí ọ̀pá bá ga ní 60 sẹ̀ǹtímítà, ẹ wo bí ọmọ á ṣe jìnnà sí ìyá tó. Tó bá dàgbà, òun náà á yọ ọ̀pá, á ṣubú, á tún sún síwájú. Nítorí náà, ẹ tú okùn yẹn. Okùn yẹn ló dá a dúró lójú ọ̀nà.

Ọdún mọ́kànlá rèé tí mo ti ń gbìn ín. Ní ìparí oṣù Kìíní 2019, òtútù ibí lọ sí ìsàlẹ̀ òdo ju 30 sẹ́ńtígíréètì lọ, mo sì gbà pé ó ti parí. Nígbà tí yìnyín yọ́, òun ló kọ́kọ́ yọjú. Mi ò tíì rí ewébẹ̀ tí mo fọkàn tán tó o láyé mi.

Ẹ má jẹ́ kó máa ṣubú síbi tó bá wù ú nìkan. Èyí tó bá fẹ́ ṣubú sójú ọ̀nà, ẹ gé orí rẹ̀ nígbà tí awọ ọmọ bá ti gbẹ, ẹ tú àwọn ọmọ ká, kí ẹ gbìn wọ́n síbi tí ẹ bá fẹ́, kí wọ́n wọlẹ̀ tó 5 sẹ̀ǹtímítà, kí àlàfo 15 sí 20 wà láàárín wọn. Ní Leeds, oṣù Kẹsàn-án sí Ìkẹwàá dára, kí gbòǹgbò lè dúró kí ilẹ̀ tó tutù jù. Lọ́dún kẹta, ẹ hú igbó rẹ̀, ẹ pín in, torí ó máa ń fún pọ̀ jù. Ewé rẹ̀, ẹ máa já díẹ̀díẹ̀ lára ìyá kọ̀ọ̀kan, ẹ má fá orí rẹ̀ tán. Kókó ìsàlẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó ta ju àlùbọ́sà ọjà lọ. Àwọn ọmọ orí ni ìyàwó mi fẹ́ràn jù. Wọ́n kéré, bíbó wọn gba sùúrù, ẹ da omi gbígbóná lé wọn lórí fún ìṣẹ́jú kan, awọ á ṣí, kí ẹ wá rẹ wọ́n sínú fínígà pẹ̀lú ata rodo kan. Bí ẹ bá ní ajá tàbí ológbò, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fẹnu kàn án o, gbogbo ẹ̀yà àlùbọ́sà ló jẹ́ májèlé fún wọn.

Àwọn kan ń pè é ní àlùbọ́sà Íjíbítì, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rí pé ibẹ̀ ló ti wá. Ohun tí àwọn onímọ̀ rí nínú àbùdá rẹ̀ ni pé àlùbọ́sà tí gbogbo wa mọ̀ àti àlùbọ́sà eléwé tí wọ́n ti ń gbìn ní Ṣáínà láti ayébáyé ló bí i. Allium × proliferum ni wọ́n kọ sínú ìwé. Àmúlùmálà bẹ́ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ní irúgbìn, ọmọ tó ń so sórí ló fi ń pọ̀ sí i.

Ti Màmá, ẹ bá mi kí wọn, ṣùgbọ́n ẹ má fi ránṣẹ́. Òtútù ló ń mú kó yọ ọ̀pá, ọjọ́ gígùn ló sì ń mú ọmọ so. Ní Leeds, ojúmọ́ oṣù Kẹfà ń tó wákàtí 17. Ti Ìbàdàn ò ju 12 àti ààbọ̀ lọ. Yàtọ̀ sí èyí, ohun tó ń hù kò gbọ́dọ̀ wọ Nàìjíríà láìsí ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣọ́ àrùn ohun ọ̀gbìn.

Ọmọ Bódìjà

Ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí ti Màmá, nítorí ìtòsí ni mo wà. Kí wọ́n ra ìdì àlùbọ́sà eléwé kan lọ́jà, èyí tí gbòǹgbò ṣì wà nídìí rẹ̀. Kí wọ́n gé ewé rẹ̀ lò, kí wọ́n ṣẹ́ nǹkan bí ìka méjì kù, kí wọ́n gbìn ín sínú ike ọ̀dà tí wọ́n lu ìdí rẹ̀. Kò ní pẹ́ tí yóò fi tún rúwé. Kì í rìn, ṣùgbọ́n wọn ò ní wá ewé àlùbọ́sà tì.

Ìyá Ìbejì Leeds

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Adéọgbà, o ṣe é tó o kìlọ̀, òun ló jẹ́ kí n wo ìdí rẹ̀ dáadáa. Mo hú ẹyọ kan láàárọ̀ yìí. Gbòǹgbò funfun báláú, agídí ni mo fi fà á tu. Kò sí òwú, kò sí kóró dúdú.

Mo tú ańkárá mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá. Bí mo ṣe ń tú u ni mo rí ọ̀kan tó ti bọ́ kúrò nínú okùn láìjẹ́ pé mo mọ̀, ó forí pamọ́ sábẹ́ ewé kéélì. Mo ní kí n gbé orí rẹ̀ sókè, kò gbéra. Mo kúnlẹ̀ wò ó: mẹ́ta nínú àwọn ọmọ náà ti ta gbòǹgbò, ó funfun bí òwú ìránṣọ, ọ̀kan ti hu ewé tó gùn tó ìka mi.

Mo ya fọ́tò, mo gbé e lọ bá Bàbá òyìnbó nílé wọn lọ́sàn-án. Wọ́n sún ìgò ojú wọn sókè, wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n wá bi mí pé apá ibo ni wọ́n ń rìn lọ. Mo ní apá ilẹ̀ yín ni, sà. Mo ti bá tọkọtaya tó gba ilẹ̀ náà sọ̀rọ̀, pé bí ó bá dé ààlà, kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má hú u.